Ta ló ń wá ọ̀rọ̀, ta ló ń ṣèdájọ́ ẹ̀? Bí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn

Ẹ kú ìbéèrè o. Ohun tẹ́ ẹ bi mí ni pé kí ló dé tí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò kàn kó gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí orílẹ̀-èdè kan sínú yàrá kan kí wọ́n jọ máa ṣe é, àti pé ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó ń lọ bá amí sọ̀rọ̀ níta kọ́ ló ń kọ ohun tí olórí orílẹ̀-èdè ń kà láàárọ̀, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló wá ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ láàárín wọn? Òótọ́ ni, ẹni tó ń bá amí pàdé kọ́ ló ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀, torí ó gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún gan-an. Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ nínú ìròyìn pé "àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní báyìí báyìí", ó yẹ kéèyàn mọ iye ọwọ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọjá kó tó dé etí wa.

Ẹ̀rù méjì ló wà nídìí ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù pé àṣírí máa tú: tí èèyàn púpọ̀ bá mọ orúkọ ẹni tó ń ta yín lólobó látinú ilé ọ̀tá, ikú lẹni yẹn máa fi ṣèfà jẹ. Èkejì ni ẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó pàdé ara ẹ̀ ò ní pàdé, pé tíìmù kan á mọ ìdajì, tíìmù kejì á mọ ìdajì tó kù, kò ní sẹ́ni tó máa rí odindi ẹ̀ títí aburú á fi ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkejì ní kẹ́ ẹ kó wọn jọ. Mi ò tíì rí àjọ kankan tó tẹ́ méjèèjì lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àtúntò tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ pé wọ́n ṣe, láti ọ̀kan sí ìkejì ni wọ́n ń yí, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, lẹ́yìn tí èèyàn ti kú ni. Nǹkan kan tún wà tó ju méjèèjì lọ lójú tèmi: ẹni tó lọ wá ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́jọ́. Màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi CIA ti Amẹ́ríkà ṣàpẹẹrẹ, torí àwọn ni wọ́n ti sọ púpọ̀ ní gbangba nípa bí ilé wọn ṣe rí. Òfin ọdún 1947 ló dá wọn sílẹ̀, ẹ̀ka ńlá márùn-ún ni wọ́n sì ní. Ọ̀kan ló ń wá àwọn tó máa fún wọn lọ́rọ̀ nílẹ̀ òkèèrè tó tún ń ṣe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ló ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, tó ń kọ ohun tí ààrẹ àtàwọn àgbà ìjọba ń kà. Ọ̀kan wà fún sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà àti dátà (ọdún 2015 ni wọ́n dá ìyẹn sílẹ̀), èyí tó kù ń rí sí owó, ilé, ìrìnnà, ìlera òṣìṣẹ́ àti ààbò. Àwọn èèyàn kì í ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sí rárá, àmọ́ tí kò bá sí ẹni tó máa gba ilé láìjẹ́ kí orúkọ ìjọba hàn lórí ìwé, tó sì máa rí i pé owó dé ibi tó yẹ kó dé láìsí ẹni tó fura, kò sí iṣẹ́ amí kankan tó máa ṣeé ṣe. Ìpínṣẹ́ yìí tiẹ̀ ju inú ilé kan lọ o. Ní Amẹ́ríkà, NSA ló ń gbọ́ ohùn àti mẹ́sèéjì orí afẹ́fẹ́, NRO ló ni sátẹ́láìtì. Ní Bìrìtéènì, MI6 ló ń wá ọ̀rọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, MI5 ló ń ṣọ́lé, GCHQ ló ń gbọ́ ohùn. Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn, ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ta ló wá ń pín iṣẹ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé ọ̀gá amí kan ló jókòó tó ń sọ pé "ìwọ lọ síbí, ìwọ lọ sọ́hùn-ún". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ lo ìdáhùn, ìyẹn ààrẹ, àwọn ológun, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè báyìí ń kọ́ ohun ìjà báyìí, àwọn onítúpalẹ̀ á wá tú ìbéèrè ńlá yẹn sí kéékèèké, wọ́n á wo èyí tí wọ́n ti mọ̀ àtèyí tí wọn ò mọ̀, wọ́n á wá béèrè pé ta ló lè rí èyí tó kù yìí, ṣé sátẹ́láìtì ni àbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì ọ̀hún gan-an. Bìrìtéènì ti ní ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí irú nǹkan báyìí látọdún 1936, JIC ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ làwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtàwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń lo ọ̀rọ̀ wọn ti jọ ń jókòó. Àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń yan ohun tí wọ́n máa wá, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wọn, èyí tó rọrùn láti rí ni wọ́n á máa kó wálé.

Ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń darí amí. Òun kọ́ ni amí o, òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń pàdé amí, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, tó ń fún un lówó, tó ń dáàbò bò ó. Òun ló mọ orúkọ, òun ló mọ ìyàwó àti gbèsè tó wà lọ́rùn ẹni yẹn, òun náà sì ni ò ṣeé fọkàn tán pátápátá tó bá dọ̀rọ̀ bóyá òótọ́ lamí ọ̀hún ń sọ. Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni o. Ẹni tó fi ọdún méjì wá ẹnìkan, tó rọ̀ ọ́, tó gbà á mọ́ra, tí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ sì so mọ́ ọn, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ pé òfìfo ni ọ̀rọ̀ tó ń wá látẹnu ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tẹ́nìkan fi wà láàárín tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Òun ló máa gba ohun tí olùdarí amí kọ, á yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kéèyàn mọ ẹni tó sọ ọ́, á wò ó bóyá ó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n béèrè, bóyá amí ọ̀hún tiẹ̀ wà nípò tó fi lè mọ̀ ọ́n, ṣé fúnra ẹ̀ ló fojú rí i ni àbí ẹlòmíì ló sọ fún un, lẹ́yìn náà ló máa tó fi ránṣẹ́ sáwọn onítúpalẹ̀. Ní MI6, ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ya àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń darí amí. Nígbà tí Lord Butler, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì tó ti fẹ̀yìntì, sì yẹ̀wò lọ́dún 2004 ìdí tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé Iraq ní ohun ìjà olóró fi wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó rí ni pé wọ́n ti jẹ́ kí ẹgbẹ́ ayẹ̀ròyìnwò yìí rọ, wọ́n ti fi wọ́n sábẹ́ àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan dáa: ẹni tó lè sọ pé "rárá, èyí ò jáde", ta ni ọ̀gá ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti 1961 sí 1962, ọ̀gá ológun Soviet kan tó ń jẹ́ Oleg Penkovsky ń fún CIA àti MI6 lọ́rọ̀, ó ń ya fọ́tò àwọn ìwé àṣírí ológun ní Moscow, ó sì tún máa ń sọ èrò tara ẹ̀ lẹ́nu nípa àwọn ọ̀gá ẹ̀. Kí ni CIA ṣe? Orúkọ ìbòjú méjì ni wọ́n fún ohun tó ń tọ̀dọ̀ ẹ̀ wá. Àwọn ìwé tó yà ń jẹ́ IRONBARK, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń jẹ́ CHICKADEE, kí ẹni tó bá ń ka méjèèjì ní Washington má bàa mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni, pé ọkùnrin kan báyìí ló ní àǹfààní méjèèjì. Ẹ ò rí i pé ìyàsọ́tọ̀ ọ̀hún ò mọ sórí ilé àti yàrá, ó wọnú bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1962, awakọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà kan, Richard Heyser, fi ọkọ̀ U-2, ọkọ̀ òfurufú tó ń ya fọ́tò látòkè réré, fò kọjá lórí Cuba, ó ya fọ́tò. Iṣẹ́ tiẹ̀ parí síbẹ̀, kò mọ ohun tó wà nínú fọ́tò ọ̀hún. Wọ́n gbé fíìmù lọ síléeṣẹ́ tó ń ka àwòrán, NPIC, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1961 láti kó àwọn tó ń ka àwòrán fún CIA àtàwọn ológun pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, òkè ilé ìtàjà mọ́tò kan ní Washington ni wọ́n wà nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń wo àwòrán rí àwọn nǹkan gígùn gígùn lábẹ́ aṣọ ìbora nínú igbó. Nǹkan gígùn lábẹ́ aṣọ ìbora lè jẹ́ ohunkóhun. Wọ́n wọn gígùn ẹ̀, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ nípa ohun ìjà Soviet, títí kan ìwé ìtọ́ni tí Penkovsky ti yà ránṣẹ́, ó bá a mu: SS-4 ni, rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun Soviet tó lè fò ju 1,000 máìlì lọ. Àwọn tó ń wọn fọ́tò yẹn ò nílò kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ya ìwé ọ̀hún. Láàárọ̀ ọjọ́ 16, Ààrẹ Kennedy ti gbọ́. Nígbà tó béèrè níbi ìpàdé pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé irú ohun ìjà yẹn ni, Arthur Lundahl tó jẹ́ ọ̀gá NPIC ló dá a lóhùn pé gígùn ẹ̀ ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé orí bóyá wọ́n ti ṣetán láti yìn ín, Sidney Graybeal tó mọ̀ nípa ohun ìjà olóró ló dáhùn. Ẹ wo iye tíìmù tó wà níbẹ̀: àwọn tó ń darí amí, àwọn tó ń fò, àwọn tó ń ka àwòrán, àwọn tó mọ ohun ìjà. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ẹ̀ nínú wọn, síbẹ̀ odindi ọ̀rọ̀ dé tábìlì ààrẹ láàárín ọjọ́ méjì, torí àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an ni pé kí ọ̀rọ̀ máa pàdé. Oṣù yẹn náà ni wọ́n mú Penkovsky ní Moscow, wọ́n sì pa á ní 1963.

Àwọn onítúpalẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n á ka ohun tí amí sọ, ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, fọ́tò, ìwé ìròyìn ìlú ọ̀hún, ọ̀rọ̀ tí olórí ibẹ̀ sọ lórí rédíò, wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe dá wọn lójú tó. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Lọ́dún 1951, ìgbìmọ̀ tí Sherman Kent wà nínú ẹ̀ ní CIA kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí Soviet àtàwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kọlu Yugoslavia lọ́dún yẹn. Kent lọ bi àwọn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí i léèrè pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni kálukú ní lọ́kàn, ẹnìkan ní 80, ẹnìkan ní 20! Ìwé kan náà ni gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí o. Àtìgbà yẹn ni Kent ti ń jà kí wọ́n máa so ọ̀rọ̀ irú bẹ́ẹ̀ mọ́ nọ́ńbà, kí ẹni tó ń kà á lè mọ ibi tí wọ́n dúró.

Àmọ́ ògiri tó wà láàárín àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ àtàwọn tó ń tú u palẹ̀ lè pa wọ́n lára náà. Ẹ rántí ẹni tí wọ́n ń pè ní Curveball. Ọ̀dọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì, BND, ló wà, ó ní Iraq ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ilé iṣẹ́ májèlé kiri. BND fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ológun Amẹ́ríkà, àwọn yẹn fi ránṣẹ́ sáwọn onítúpalẹ̀ ní CIA, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ọ̀rọ̀ àwọn púpọ̀ bó ṣe ń tọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn kan wà lápá ibi tí wọ́n ti ń darí amí ní CIA tí ara ń fu, àwọn onítúpalẹ̀ tó gbà á gbọ́ ò gba tiwọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ẹnu Colin Powell, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà nígbà yẹn, níwájú àjọ UN lọ́jọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2003, àṣé irọ́ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá ń jẹ́ káwọn onítúpalẹ̀ mọ púpọ̀ sí i nípa ẹni tó ń sọ̀rọ̀, láìdárúkọ ẹ̀: ṣé ó ti parọ́ rí, ṣé ẹlòmíì wà tó sọ ohun kan náà, kí ló ń wá nídìí ẹ̀.

Ísírẹ́lì gba ibòmíì yọ, tiwọn sì dùn mọ́ mi púpọ̀. Lọ́dún 1973, Aman, ìyẹn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun wọn, nìkan ló ń sọ fún ìjọba bóyá Íjíbítì àti Síríà máa gbógun wá àbí wọn ò ní gbé e wá. Wọ́n ní ogun ò ní ṣẹlẹ̀. Ogun bẹ́ lọ́jọ́ 6 oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Agranat, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n fún Mossad, ìyẹn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ amí fún wọn nílẹ̀ òkèèrè, àti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lágbára láti máa ṣe ìtúpalẹ̀ tiwọn, wọ́n sì dá tíìmù kékeré kan sílẹ̀ nínú Aman tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó máa kọ òdì kejì ohun tí gbogbo ilé bá ti fẹnu kò lé lórí. Irú tíìmù bẹ́ẹ̀ máa ń dìgbà téèyàn bá gbàgbé ogun kó tó di ohun ẹ̀gàn, torí náà àwọn tó mọṣẹ́ dunjú ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí ọ̀nà wọn sì là tààrà sọ́dọ̀ ọ̀gá pátápátá.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé, ìyẹn ló fa tíìmù kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀ nínú àjọ: àwọn tó ń ṣọ́ àwọn tara wọn. Aldrich Ames bẹ̀rẹ̀ sí í ta àṣírí CIA fún Soviet ní oṣù kẹrin ọdún 1985. Iṣẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn gan-an ni kó máa ṣọ́ àwọn amí Soviet, ìdí nìyẹn tí fáìlì àwọn tó ń fún CIA lọ́rọ̀ fi ń kọjá lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kéré tán, wọ́n pa èèyàn mẹ́wàá nínú àwọn tó tà. Tíìmù kékeré kan tí Jeanne Vertefeuille ṣáájú ẹ̀ ló wá a, ọ̀dọọdún ni wọ́n ń wá a kiri, FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1991. Ohun tó sì tú u síta kì í ṣe amí kankan lákọ̀ọ́kọ́: Sandy Grimes tó wà nínú tíìmù ọ̀hún gbé ọjọ́ tí Ames jíṣẹ́ pé òun bá òṣìṣẹ́ Soviet kan jẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí owó wọ báńkì ẹ̀, ó rí i pé bí wọ́n bá ti pàdé báyìí, owó á wọlé. Ìwé méjì látọwọ́ ọ́fíìsì méjì. Wọ́n mú Ames ní oṣù kejì ọdún 1994. Mo máa ń sọ fáwọn tó bá ní kí wọ́n ṣí gbogbo fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé torí pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ nípa àwọn amí tó kú yẹn ni wọ́n fi lè ka àwọn tí wọ́n ń fura sí lórúkọ. Ká ní gbogbo ilé ló mọ̀, ibo ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá gbọ́ òdì kejì ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, CIA tẹ̀ lé Khalid al-Mihdhar àti Nawaf al-Hazmi, ọmọ ẹgbẹ́ apániláyà al-Qaeda ti bin Laden, títí dé ìpàdé kan ní Kuala Lumpur, wọ́n mọ̀ pé al-Mihdhar ní físà Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ FBI kan wà tí wọ́n jókòó sínú yúnìtì CIA tó ń lé bin Laden, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kọ létà pé kí wọ́n sọ fún FBI, létà ọ̀hún ò jáde. Ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni wọ́n tó fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, wọ́n ti wọ Amẹ́ríkà tipẹ́. Ọkọ̀ òfurufú tó kọlu Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá ń rò pé kíkó èèyàn jọ sínú yàrá kan ti tó, ẹ wo èyí: wọ́n wà nínú yàrá kan náà o! Ohun tí wọn ò ní ni àṣẹ láti sọ ọ́ jáde. Òfin ọdún 2004 wá gbé ọ̀gá kan lé gbogbo àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà lórí, ó sì fi ìdí ilé iṣẹ́ kan tó ń so ọ̀rọ̀ apániláyà pọ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú máa pín ọ̀rọ̀ kiri. Kò pẹ́ tí ọmọ ogun kan, Chelsea Manning, fi lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Iraq, tó kó létà àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà tó ju 250,000 lọ, ó di ti gbogbo ayé lọ́dún 2010, bí wọ́n tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn nìyẹn.

Ní ti yàrá kan tẹ́ ẹ béèrè, CIA ti gbìyànjú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ọ̀rọ̀ apániláyà lọ́dún 1986, àwọn tó ń darí amí àtàwọn onítúpalẹ̀ jọ jókòó. Lọ́dún 2015 ni John Brennan tó jẹ́ ọ̀gá CIA nígbà yẹn sọ ọ́ di ti gbogbo àjọ, ó dá mẹ́wàá irú ẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan fún àgbègbè ayé, àwọn kan fún ọ̀rọ̀ bí ohun ìjà olóró, William Burns tóun náà di ọ̀gá CIA sì dá ti Ṣáínà nìkan sílẹ̀ ní 2021. Mo fara mọ́ ọn torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2001, àmọ́ ẹ̀rù kan ń bà mí. Onítúpalẹ̀ tó ń bá olùdarí amí jẹun lójoojúmọ́, tó ń rí i bó ṣe ń ṣe wàhálà, ó máa nira fún un láti kọ ọ́ síwèé pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ òun ò so èso. Ohun tí wọ́n fi dí ihò yẹn ni pé àwọn ẹ̀ka márùn-ún ọjọ́sí ò kú: èèyàn lè máa jókòó ní yàrá tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Ṣáínà, síbẹ̀ ẹ̀ka ìtúpalẹ̀ ló ń kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló ni ìlànà tó gbọ́dọ̀ fi kọ ìwé. Tí ọjọ́ kan bá wá pé, tí wọ́n gbé ìlànà yẹn náà lé ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ amí lọ́wọ́, ẹ má gba ìwé tó bá tibẹ̀ jáde gbọ́ láìwo ẹni tó fọwọ́ sí i.